Aago Méje Àárọ̀, Aago Méje Alẹ́: Nílé Ológbò Alátọ̀gbẹ Kan ní Ìbàdàn

Àwo oúnjẹ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Aago méje àárọ̀ kù díẹ̀, iná ti lọ láti òru, a sì wà nínú ilé ìdáná wọn ní Mọ́kọ́lá. Adìẹ bíbọ̀ ni wọ́n ń já sínú àwo náà, kò ní iyọ̀, kò ní ata, kò ní àlùbọ́sà, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò. Dúdú, ológbò wọn, ti ń fi ara nu ẹsẹ̀ wọn.

"Kó jẹun ná," ni wọ́n wí fún mi. "Bí kò bá jẹun, n kò ní gún un. Dókítà ni n ó pè."

Ẹni tó bá gbọ́ pé ológbò ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nílé yìí ni pé abẹ́rẹ́ ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Oúnjẹ àti aago le jù ú lọ, àwọn ará ilé sì le ju méjèèjì.

Èèrà ló tú àṣírí àìsàn náà. Dúdú ti ń mu omi ní àmujù, ó ń tọ̀ ṣáá, ó ń jẹun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Nígbà tó yá, kò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ mọ́, gìgísẹ̀ ló fi ń rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí rí i tí èèrà tò lọ sí kọ̀rọ̀ tó tọ̀ sí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi gba ìfẹ̀yìntì. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ṣúgà ti wà nínú ìtọ̀ náà.

Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ṣùgbọ́n dókítà kò tìtorí ìyẹn nìkan sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Ìbẹ̀rù lásán máa ń gbé ṣúgà ológbò sókè: ẹ sáà dé e mọ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e wọkọ̀, kí ajá tún máa gbó mọ́ ọn níbi tẹ́ ẹ gbé e dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní fructosamine, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ̀rù ọjọ́ kan kò lè yí ìyẹn padà. Àtọ̀gbẹ ni lóòótọ́. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, irú wọn ló tètè máa ń mú.

Bí Dúdú ti ń jẹun, Àǹtí fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ra etí rẹ̀, wọ́n gún bèbè etí náà, ẹ̀jẹ̀ yọ tóńtó. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ka ṣúgà rẹ̀ sí 268 mg/dL, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹ̀rọ ènìyàn ni, ó sì sábà máa ń ka ti ológbò kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an, nítorí náà dókítà ti fi wé ti yàrá àyẹ̀wò, ó sì ti kọ iye tí ṣúgà bá já sí tí Àǹtí kò gbọdọ̀ gún un mọ́ sínú ìwé náà fún wọn.

Insulin glargine tí ènìyàn ń lò ni dókítà kọ fún Dúdú. Ó mọ́ gaara. Ọjọ́ tó bá rú, dídànù ni. Yúnìtì kan láàárọ̀, yúnìtì kan lálẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà kan nìyẹn, kò tó ẹ̀kán omi kan. Àǹtí wọ awò ojú wọn, wọ́n fa oògùn dé ìlà àkọ́kọ́, wọ́n gbé síríńjì náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ bíńtín kan lẹ̀ mọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n tún un fà. Lára ẹni tó ń gba ogún yúnìtì, afẹ́fẹ́ yẹn kò jẹ́ nǹkankan. Lára ológbò, ó lè jẹ́ ìdajì oògùn rẹ̀. Wọ́n wá ká awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó parí. Dúdú kò gbé orí kúrò nínú àwo.

Ìgò oògùn tó ti ṣí kì í wọ inú fíríìjì tí kò níná. Àwọn tó ṣe é ní kí ó má kọjá ọjọ́ 28, kí ooru ibi tó wà má sì ju 30 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn Ìbàdàn máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìkòkò amọ̀ ni Àǹtí fi í sí, ìkòkò yẹn wà nínú òmíràn tó tóbi jù ú lọ, iyanrìn tútù wà láàárín méjèèjì. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, sọ dọ̀tun fún àwọn àgbẹ̀ Àríwá, tó fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Mo fara mọ́ ọn ju yìnyín lọ. Insulin tó bá dì ti bàjẹ́, ẹni tó gbé e lé yìnyín kò sì ní mọ̀ títí ṣúgà yóò fi ga. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìkòkò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ni Àǹtí máa ń wò, wọn kì í kàn fi ọwọ́ kàn án.

Ibi tó nira kù. Gbogbo ayálégbé ló ti ń fún Dúdú ní nǹkan láti kékeré: ẹ̀bà tó ní ọbẹ̀ lára, ìrẹsì, èèpo búrẹ́dì. Ẹran àti ẹja ni ara ológbò mọ̀ jù, oúnjẹ bí ẹ̀bà àti ìrẹsì ni èyí tó ń dà á láàmú. Àmọ́ ewu tó wà nínú jíjẹ níkọ̀kọ̀ ju ti ṣúgà tó ga lọ. Bó bá jẹ ẹ̀bà níkọ̀kọ̀, iye inú ìwé á ga, dókítà á rò pé oògùn ló kéré, á fi kún un. Ọjọ́ tí ẹ̀bà kò bá wá sí, ṣúgà á já wálẹ̀ pátápátá. Ológbò á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á gbọ̀n, gìrì lè mú un. Nítorí èyí ni ìgò oyin fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ògiri: wọ́n á fi pa á ní èrìgì, wọ́n á sì pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, wọlé.

"Ẹ má bínú, mà. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí lánàá."

"Kí lo fún un?"

"Ìrẹsì díẹ̀ ni, mà."

Àǹtí kò pariwo. Wọ́n kọ "ìrẹsì" sínú ìwé, wọ́n bu adìẹ bíbọ̀ sínú abọ́ kékeré, wọ́n gbé e fún un. "Bí àánú rẹ̀ bá tún ṣe ọ́, eléyìí ni kó o fún un, kó o sì sọ fún mi." Ọgbọ́n ńlá ni mo ka ìyẹn sí. Ẹni tó fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn, kò ṣeé lé dànù. Iṣẹ́ ni ká fún un ṣe.

Ìdí tí Àǹtí kò fi fẹ́ kí nǹkan yẹ̀ rárá ni pé àwọn ológbò kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá tètè rí oògùn àti oúnjẹ tó tọ́, ara wọn máa ń tún bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè insulin tó tó, tí abẹ́rẹ́ á sì dúró. Kì í ṣe gbogbo wọn, ó sì tún lè padà. Ìwé yẹn ni dókítà á fi mọ̀.

Ìgbéyàwó wà ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí á gbéra lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àárọ̀, wọ́n á sì ti dé kí aago méje alẹ́ tó lù. Ọmọ ọmọ wọn ti ń fi omi àti ọsàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà. Bí òun náà kò bá rí i ṣe, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ó fò ó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún Dúdú ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti sọ fún ìyá ìyàwó pé wọn ò ní lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń náwó.