Owó Ìlú Kì í Ṣe Aṣọ Ìbora

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti àdúgbò. Ká sọ pé àwọn onílé kan ní Àgbówó dá owó jọ. Wọ́n fẹ́ fi la gọ́tà, kí àgbàrá òjò má baà máa wọ ilé wọn. Wọ́n kó owó náà fún akápò. Kò pẹ́, ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé akápò. Ó ti ṣe ohun ìtìjú pẹ̀lú obìnrin kan, kò sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ó mú nínú owó gọ́tà, ó fi bẹ obìnrin náà pé kó pa ẹnu mọ́.

Òjò dé. Omi wọ ilé. Àwọn onílé bèèrè owó wọn. Akápò bínú, ó ní, "Ọ̀ràn ilé mi kan ni mo fi yanjú. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Ìyá kan tó ń ta ata dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni lóòótọ́, a ò ní bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n owó gọ́tà lẹ fi bò ó. Owó gọ́tà là ń bèèrè."

Ìdáhùn ìyá yìí ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lónìí. Kò sí ẹni tí kò ní àṣírí. Kò yẹ kí a máa yọjú wo inú yàrá olóṣèlú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá fi owó ìlú bo àṣírí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé rẹ̀. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú.

Ta ló ni owó ìlú?

Owó ìlú ni owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san. Òun ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà àti awakọ̀. Òun náà ni owó epo rọ̀bì tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà kọ́ ló ni ín. Mínísítà kọ́ ló ni ín. Akápò ni wọ́n, bíi ti akápò Àgbówó yẹn. Àwa tí a ni owó ló yẹ kí wọ́n máa jíhìn fún.

Owó kòkó ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá dé Dùgbẹ̀ yóò rí Ilé Kòkó. Àjà 26 ni ó ní. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa sì wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Gbogbo ojú ló ń rí ilé yìí. Ṣùgbọ́n owó kòkó mìíràn wà tí ojú kò rí.

Ní ayé ìgbà náà, àgbẹ̀ kì í ta kòkó fún òyìnbó fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń rà á ní iye kan, tí ó sì ń tà á sí òkè òkun. Bí èrè bá wà, Bọ́ọ̀dù á fi pamọ́. Ìdí ni pé ní ọdún tí owó kòkó bá já wálẹ̀ lọ́jà ayé, owó tí a fi pamọ́ yìí ni yóò gba àgbẹ̀ là.

Ní ọdún 1954, Bọ́ọ̀dù yìí ní mílíọ̀nù 6.2 pọ́n-ùn lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún ọdún 1962, kò sí owó náà mọ́. Bọ́ọ̀dù ti jẹ báńkì ní gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn. Apá kan lára owó náà lọ sí iṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ènìyàn rí. Níbo ni ìyókù lọ?

Ní ọdún 1962 kan náà, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lábẹ́ Adájọ́ G. B. A. Coker. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Bọ́ọ̀dù yá ilé iṣẹ́ kan lówó, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National Investment and Properties Company. Ilé iṣẹ́ yìí sì fún ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn. Ìgbìmọ̀ náà dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó sì dá Olóyè S. L. Akíntọ́lá láre. Ìjà òṣèlú gbóná gan-an nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà títí di òní pé ìjà yẹn wà nínú ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan dájú. Bí owó ìlú bá ti gba inú ilé iṣẹ́ aládàáni kọjá, ojú àgbẹ̀ kì í tó o mọ́.

Gómìnà tó fi ìgbà àtijọ́ pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ tán yìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ti ẹnì kan ṣoṣo ló kàn. James Ibori ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta láti ọdún 1999 sí 2007. Kí ó tó di gómìnà, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá a lẹ́bi olè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó pa ọjọ́ ìbí rẹ̀ dà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó dórí oyè, ó fi owó ìlú ra ilé àti ọkọ̀ olówó ńlá. Ìyàwó rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ àti àlè rẹ̀ bá a fi owó pamọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹ̀wọ̀n.

Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kan ní Asaba dá Ibori sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2012, ó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti ọdún 1995. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ẹ̀sùn kan aṣòfin pé ó fi ìwà ìṣekúṣe lọ òun, wọ́n lè fi owó ìjọba yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 2017, àṣírí tú pé wọ́n ti san 84,000 dọ́là nítorí aṣòfin kan tí ń jẹ́ Blake Farenthold. Àwọn ará ìlú tó san owó orí kò mọ nǹkan kan. Inú bí wọn. Ní ọdún 2018, wọ́n tún òfin náà ṣe, pé kí aṣòfin tó bá ṣe irú èyí máa san án láti inú àpò ara rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ akápò Àgbówó ni èyí gan-an.

Ibi tí owó ń sá pamọ́ sí lónìí

Ní Nàìjíríà, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní owó ààbò. Wọ́n ní ti ọlọ́pàá àti ìdáàbòbò ìlú ni. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2018, àjọ Transparency International ṣírò pé ó lé ní mílíọ̀nù 670 dọ́là lọ́dún kan. Lóòótọ́, ààbò ń fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jíhìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó tí kò ní ìjíhìn lè ra ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó sì lè ra ẹnu ènìyàn mọ́.

Kí ni a lè ṣe?

Ìwọ tí o ti mọ̀wé kọ, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Òfin ọdún 2011 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kò pọn dandan kí o sọ ìdí tí o fi ń bèèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyá rẹ tàbí aládùúgbò rẹ kò bá mọ̀wé, òfin gbà kí ó rán ọ, kí o bá a kọ ọ́.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo fi ọ̀wọ̀ bèèrè lábẹ́ òfin ọdún 2011. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ná sí gọ́tà àdúgbò wa ní ọdún tó kọjá, àti orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà."

Kọ orúkọ rẹ, kọ ọjọ́ sí i, kí o sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. A kò bèèrè ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni. Owó gọ́tà là ń bèèrè.