Oṣù Kẹsàn-án ní Zone 4, Abidjan

Oṣù Kẹsàn-án ní Zone 4 ni oṣù tí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ń parí lọ, tí ìgbà òjò kejì sì ń sún mọ́lé, ní àdúgbò náà tó wà ní gúúsù ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ohun mẹ́ta ni a fi ń dá oṣù yìí mọ̀: ojú ọ̀run tó máa ń ṣú láìsí òjò ńlá, atẹ́gùn òkun tó tutù, àti omi ọ̀sà tó ń kún nígbà tí òjò ìlú fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, oṣù yìí ni ìgbà ìwọ́wé máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ní Abidjan. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń pín ọdún níbẹ̀.

Ibi tí àdúgbò náà wà

Zone 4 wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Marcory, ní erékùṣù Petit-Bassam, tí ọ̀sà Ébrié yí ká. Treichville àti Koumassi wà lórí erékùṣù kan náà. Òpópónà tó ń jẹ́ Valéry Giscard d'Estaing tẹ́lẹ̀, tó ti Treichville lọ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Port-Bouët, gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìhà gúúsù, omi Biétry, tó jẹ́ apá kan ọ̀sà náà, ni ó là á láàrin òun àti Vridi pẹ̀lú Port-Bouët. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, òkun Àtìláńtíìkì ló kù. Ilé iṣẹ́, ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé gbígbé ló kún àdúgbò náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi ọ̀sà lọ. Nítorí èyí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ojú ọjọ́ Zone 4 gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀run, kí ó sì wo ojú omi pẹ̀lú.

Ipò oṣù náà láàrin ọdún

Ìgbà mẹ́rin ni ọdún pín sí ní etíkun Côte d'Ivoire. Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá máa ń wà láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta. Òjò ńlá tẹ̀ lé e láti oṣù Kẹrin títí di àárín oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn kékeré, tó máa ń gba oṣù Kẹjọ àti èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù Kẹsàn-án. Òjò kékeré ni ó kẹ́yìn, ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá.

Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ Abidjan fún ọdún 1961 sí 1990 fi ìyàtọ̀ àwọn ìgbà wọ̀nyí hàn kedere. Oṣù Kẹfà ni òjò pọ̀ jù, nǹkan bí mìlímítà 560. Oṣù Kẹjọ kò ju nǹkan bí 37 lọ, oṣù Kẹsàn-án jẹ́ nǹkan bí 80, oṣù Kẹwàá sì sún mọ́ 140. Oṣù Kẹsàn-án jẹ́ afárá láàrin gbígbẹ oṣù Kẹjọ àti òjò oṣù Kẹwàá. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, òjò wínníwínní ni ó máa ń rọ̀ ní òwúrọ̀, tí yóò sì dá kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí oṣù ṣe ń lọ sí òpin ni òjò tó nípọn ń padà wá.

Ìwọ̀n ooru ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 28 lórí òṣùwọ̀n Selsius, ti òru sì máa ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 22 tàbí 23. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni ara máa ń tù jù lọ láàrin ọdún ní ìlú náà, bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tilẹ̀ pọ̀.

Ìdí tí ìtutù fi wà nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí

Ìtutù yìí lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé Abidjan fi díẹ̀ lé ní ìwọ̀n 5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, bí oòrùn ti ń padà láti àríwá lọ sí gúúsù, ó máa ń kọjá gan-an lórí ìlú náà. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí òkùnkùn ojú ọ̀run kò bá dí i lọ́wọ́, òpó tó dúró ṣánṣán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òjìji. Ó yẹ kí oṣù náà mú gan-an, ṣùgbọ́n kì í mú.

Òkun ni ó fà á. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń ru sókè lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń gba orí omi tútù yìí kọjá kí ó tó dé ilẹ̀, ó sì ń gbé ìtutù rẹ̀ wọ ìlú. Afẹ́fẹ́ tó tutù nísàlẹ̀ kì í tètè ròkè, bẹ́ẹ̀ sì ni láìròkè afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin, àwọsánmà ńlá tó ń mú òjò àti àrá wá kì í gbèrú. Àwọsánmà pẹlẹbẹ tó fò nílẹ̀ ni ó máa ń bo ojú ọ̀run, tí kò jẹ́ kí oòrùn ta, tí kò sì rọ òjò púpọ̀. Ní àkókò kan náà, agbègbè òjò ńlá ti kọjá sí àríwá, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn.

Omi tútù yìí wúlò fún oúnjẹ. Ó ń gbé ohun tí ń ṣe ara lóore fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi wá láti ìsàlẹ̀, àwọn ẹja sì ń jẹ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Nítorí náà, àsìkò yìí ni àwọn apẹja Côte d'Ivoire àti Gánà máa ń pa ẹja ṣáwá jù lọ.

Omi tó ti ọ̀nà jíjìn wá

Òjò tó ń rọ̀ ní àríwá kò ṣàì kan Zone 4. Odò Comoé ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Burkina Faso, ó sì la Côte d'Ivoire kọjá títí dé Grand-Bassam ní ìlà-oòrùn Abidjan, níbi tí ó ti pàdé ọ̀sà Ébrié. Òjò oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ní àríwá ni ó ń kún odò yìí, nítorí náà ẹ̀kún rẹ̀ máa ń dé etíkun ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìpadò Vridi ní ọdún 1950 kí ọkọ̀ òkun lè wọ èbúté Abidjan, ọ̀nà yìí ni omi ọ̀sà ti ń gbà bọ́ sí òkun jù lọ, iyanrìn sì máa ń dí ẹnu odò tó wà ní Grand-Bassam.

Bí omi odò ṣe ń wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà ń dín kù. Àwọn ewéko tí kò fara mọ́ iyọ̀, bíi ojú oró, máa ń gbèrú nígbà náà, wọ́n sì máa ń bo àwọn ibi tí omi kò ti ṣàn dáadáa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ńlá bá dé, tí omi òkun tún wọ inú ọ̀sà, wọn a kú.

Ìyàtọ̀ láàrin Abidjan àti ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti fi Abidjan ṣe ibùgbé láti ìran dé ìran. Anango ni wọ́n máa ń pè wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn láàrin ìlú méjèèjì yóò rí i pé kàlẹ́ńdà òjò wọn kò bára mu. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà pẹ̀lú, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ìdádúró náà kì í pẹ́: oṣù Kẹsàn-án wà lára àwọn oṣù tí òjò pọ̀ jù ní Èjìgbò. Ní Abidjan, tí omi tútù wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gbígbẹ náà máa ń wọ oṣù Kẹsàn-án, òjò kejì sì máa ń dúró di oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹwàá yìí ni àwọn Yorùbá ń pè ní Ọ̀wàrà, orúkọ tó bá ọ̀wààrà òjò mu.

Ewu àti ìmúrasílẹ̀

Ewu oṣù Kẹsàn-án kò sí nínú òjò rẹ̀, bí kò ṣe nínú ohun tó ń kó jọ sílẹ̀ de oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò ìlú bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ó lè bá ọ̀sà tí omi Comoé ti gbé sókè. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi ti Marcory àti Koumassi, omi gọ́tà kì í rí ọ̀nà ṣàn lọ kíákíá nígbà tí ọ̀sà tó yẹ kí ó gbà á bá ti ga. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Comoé kún àkúnya ní Grand-Bassam, omi sì wọ ilé àti òpópónà, títí kan àdúgbò àtijọ́ tí UNESCO ti kọ sínú àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2012. Agbára òjò ìlú fúnra rẹ̀ hàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ìkún omi òru kan ṣoṣo pa ènìyàn 18, ó kéré tán, ní Abidjan.

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Côte d'Ivoire ni SODEXAM, òun ni ó sì ń kéde òjò tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí òjò fi fọwọ́ lẹ́rán ní oṣù Kẹsàn-án ni àyè tó wà láti kó ìdọ̀tí àti iyanrìn tí òjò oṣù Kẹfà gbé sínú gọ́tà, láti tún òrùlé ṣe, àti láti gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gọ́tà tí a kò bá kó nínú oṣù Kẹsàn-án, omi oṣù Kẹwàá ni yóò bá a bẹ́ẹ̀.