Ìfẹ́ Èèwọ̀ Tí Òǹkọ̀wé Kò Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Nígbà tí Jun Mayuzuki, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń fi àwòrán kọ ìtàn ní ilẹ̀ Jàpáànù, pa ìwé rẹ̀ Koi wa Ameagari no You ni dé ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí ó ti ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2014, inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà kò kúkú burú, nítorí pé ní ọdún kan náà ni wọ́n fi ẹ̀bùn ńlá Shogakukan dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n wọ́n ka apá 10 tí ó ní tán, wọn kò rí ìyàwó, wọn kò rí òkú, wọn kò sì rí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ibi báyìí ni ọ̀ràn náà já sí.

Ọ̀ràn ọ̀hún rèé. Akira Tachibana, ọmọ ọdún 17, ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń yangàn níbi eré ìje, títí di ọjọ́ tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ayé sì ti sú ọmọ náà, ó yà sí ilé oúnjẹ kan, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí ń bójú tó ibẹ̀, Kondo, ẹni ọdún 45, tí òun àti aya rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí ó sì ní ọmọkùnrin kan, wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé kò dára, ó gbé kọfí wá síwájú rẹ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Kọfí yìí ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akira wá iṣẹ́ sí ilé oúnjẹ náà, ó ń gbé abọ́, ó ń nu tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin tí ó tó bàbá bí i, ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò kà sí, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa bẹ oníbàárà pé kí wọ́n má bínú. Ó sì sọ ọ́ fún un lójúkojú.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ti ṣubú, nítorí pé Kondo náà ti fìgbà kan fẹ́ jẹ́ òǹkọ̀wé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì sì ti di ẹni tí ìwé rẹ̀ ń tà káàkiri, nígbà tí òun ń ka iye àwo tí ó fọ́. Ohun tí ọmọ náà rí lára rẹ̀ ni ọjọ́ iwájú. Ohun tí òun rí lára ọmọ náà ni ìgbà èwe tirẹ̀ tí ó ti lọ. Kò gba ìfẹ́ náà, kò sì fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Mayuzuki wá mú kí Akira padà sí orí pápá, ó mú kí Kondo padà sí ìdí gègé rẹ̀, ó sì dákẹ́. Bóyá ìfẹ́ Akira kú ni o, bóyá ó sùn ni o. Bóyá Kondo ní nǹkan nínú tí ó gbé mì ni o, ìwé kò sọ.

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta mángà, bí wọ́n ti ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, yóò máa rò pé àwọn òǹkàwé wọ̀nyí kàn ń ṣe ọ̀yájú ni. Mángà kì í sábà jáde lódindi. Inú ìwé ìròyìn tí ó nípọn ni ó ti ń jáde, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, ojú ewé bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, a sì ń kà á láti ọ̀tún wá sí òsì. Àwọn ìwé ìròyìn kan wà fún ọmọkùnrin, àwọn kan fún ọmọbìnrin, àwọn kan fún àgbà ọkùnrin, àwọn kan fún àgbà obìnrin. Bí èyí tí ó ti jáde bá sì pọ̀ tó, wọn a kó o jọ di ìwé kékeré tí a lè fi sí àpò. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn kan báyìí fún ọdún mẹ́rin ti bá àwọn inú rẹ̀ jẹ, ó ti bá wọn mu. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ó mọ̀ pé òwò ni: àwọn ìwé ìròyìn bíi Weekly Shonen Jump ń béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tí wọn kò bá sì fẹ́ràn, wọn a gé e kúrò, òǹkọ̀wé a sì sáré di ìdí rẹ̀ bí ó ti lè di. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìtàn bá parí tí okùn rẹ̀ kò sì so, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn òǹkàwé ni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Lójú tèmi, a kò rẹ́ wọn jẹ níbí. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń parí irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1703, ní ìlú Osaka, Chikamatsu Monzaemon, àgbà nínú àwọn òǹkọ̀wé eré ọmọlangidi, gbé Sonezaki Shinjū jáde, láti inú ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ní ìlú náà ní nǹkan bí oṣù kan péré ṣáájú. Tokubei, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan, àti Ohatsu, obìnrin ilé aṣẹ́wó, fẹ́ràn ara wọn, àwùjọ kò sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún wọn láti fẹ́ra. Wọ́n jọ wọ inú igbó Sonezaki, wọ́n jọ kú síbẹ̀. Eré náà gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí irú rẹ̀ fi pọ̀, tí àwọn tí ń kú irú ikú bẹ́ẹ̀ náà fi ń pọ̀ sí i, títí ìjọba fi fòfin de eré náà ní ọdún 1723, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìsìnkú fún àwọn tí ó bá kú bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ikú ti di ìdí tí a ń so mọ́ ìfẹ́ èèwọ̀. Títí di ìgbà tí Keiko Takemiya kọ mángà Kaze to Ki no Uta, láti 1976 dé 1984, nípa ọmọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ní ilẹ̀ Faransé, ikú ni ó ṣì wá mú ọ̀kan lọ.

Ẹ kíyèsí bí ikú ti rọrùn tó fún òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó ń káàánú olólùfẹ́ méjèèjì yóò sunkún tẹ́rùn. Ẹni tí ó ń dá wọn lẹ́bi yóò ní wọ́n ti jẹ iyán wọn níṣu. Kò sí ẹni tí a ó bi ní ìbéèrè mọ́, nítorí pé òkú kì í wá sí ilé ẹjọ́. Àwa náà tí a fi àlọ́ tọ́ dàgbà, tí ìjàpá kì í jalè kí ó má jìyà, mọ bí ìtàn tí ó sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde gbangba ti máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Ọ̀nà kejì tún wà, ó sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà ju bí àwọn tí mángà Mayuzuki bí nínú ti rò lọ. Ryunosuke Akutagawa kọ ìtàn kúkúrú Rashōmon ní ọdún 1915, nípa ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́, tí ebi sì ń pa, tí ó jókòó sábẹ́ ẹnubodè Kyoto nínú òjò, tí ń rò ó bóyá kí òun kú ni tàbí kí òun jalè. Ó jalè nígbẹ̀yìn: ó gba aṣọ lára arúgbó obìnrin kan, ó sá wọ òkùnkùn. Nínú èyí tí Akutagawa kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, ó sọ pé ọkùnrin náà ti ń yára lọ sí ìgboro láti lọ máa jalè. Nígbà tí ó tún un kọ ní ọdún 1918, ó pa èyí rẹ́, ó fi sí i pé ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó gbà lọ. Èyí tí a tún kọ yìí ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ń kà káàkiri Jàpáànù títí di òní. Òǹkàwé mángà tí ń pariwo pé wọn kò sọ ìparí fún òun ti jókòó ní kíláàsì rí, tí olùkọ́ ń bi í léèrè ohun tí ó rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ náà dà.

Èwo wá ni ti ìdí tí ó so? Ẹ jẹ́ kí a wo Usagi Drop, tí Yumi Unita kọ sínú ìwé ìròyìn Feel Young láti 2005 dé 2011. Daikichi, ẹni ọdún 30, lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ àgbà, ó bá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan níbẹ̀ tí wọ́n ní òkú náà bí sí ìta, tí gbogbo ẹbí sì ń ti ara wọn pé kí ẹlòmíràn gbà á. Daikichi gbà á. Ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà, níbi tí àpọ́n yìí ti ń kọ́ bí a ti ń di irun ọmọ, tí ó ń sáré láti ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ti ilé ìtọ́jú ọmọ, wà lára ohun tí ó dára jù lọ tí mo ti kà nípa bí a ti ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tẹni. Lẹ́yìn náà òǹkọ̀wé fo ọdún mẹ́wàá, ọmọ ti di ọ̀dọ́langba, ó ní alágbàtọ́ òun ni òun fẹ́ fi ṣe ọkọ. Kí ọ̀nà sì lè là, Unita fi hàn pé wọn kò bá ara wọn tan rárá. Okùn so, ìbéèrè tán, ẹnu gbogbo èèyàn sì wà lára rẹ̀ títí di òní, nítorí pé ohun tí ń jẹ òǹkàwé lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ tí ó di irun ọmọ náà ni. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di àwòrán tí ń rìn ní ọdún 2011 kò tilẹ̀ dé ibẹ̀: ìgbà tí ọmọ náà ṣì kéré ni wọ́n ti pa á dé.

Ọ̀rọ̀ Mayuzuki wá yéni. Ní ọdún 2018 yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Jàpáànù dìbò pé kí ẹni ọdún 18 di àgbà lójú òfin dípò ẹni ọdún 20, kí ọmọbìnrin má sì lè lọ́kọ mọ́ kí ó tó pé ọdún 18, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún 16 ti tó tẹ́lẹ̀ bí òbí bá ti fọwọ́ sí i. Ọdún 2022 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilẹ̀ tí kò tíì mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń kúrò lọ́mọdé ni òǹkọ̀wé yìí ti ń kọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo tí ó dá a lójú, pé kí àgbà má jẹ́ kí ìdáwà òun di ẹrù lórí ọmọ, ni ó fi sí ẹnu Kondo; ìyókù ni kò fọwọ́ kàn. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ọkàn àwọn méjèèjì kò sì tíì rojọ́ tán.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí ń sá pamọ́ sábẹ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi èèwọ̀ fa òǹkàwé mọ́ra fún apá mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, tí wọ́n wá ya ojú ọ̀run àti ewé tí ń jábọ́ sí apá tí ó kẹ́yìn nítorí pé wọn kò fẹ́ pàdánù àwọn oníbàárà ìhà kankan. A máa ń mọ̀ wọ́n: kò sí ohun tí ó yí padà lára àwọn ènìyàn inú ìwé wọn. (Ti Nana, ìwé Ai Yazawa, tí ó dúró ní apá 21 láti ọdún 2009, kò sí lára èyí, àìsàn ni ó gba gègé lọ́wọ́ obìnrin náà.)

Ibi tí mo ti rí ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ojúlówó jù lọ ni Otouto no Otto, ìwé apá mẹ́rin tí Gengoroh Tagame kọ láti 2014 dé 2017. Òǹkàwé mi kan lè ṣẹ́jú sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó fi ọkùnrin ṣe ọkọ ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáànù tí ń ṣẹ́jú náà ni Tagame ń bá sọ̀rọ̀. Yaichi ń dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, Kana. Ìbejì rẹ̀, Ryoji, ti lọ sí Kánádà, ó ti fẹ́ ọkùnrin kan níbẹ̀, ó sì ti kú. Ní ọjọ́ kan aago ilẹ̀kùn dún. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan tí ó rí fìrìgbọ̀n dúró síta, Mike, ọkọ olóògbé. Ojú ìbejì kò yàtọ̀ síra: ojú òkú rẹ̀ ni Mike rí tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Níbi yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ Tagame ti hàn, nítorí pé a ó rí i nínú àwòrán kan tí Yaichi ń sọ èébú tí ó wà ní ikùn rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó tẹ̀lé e a ó sì rí i pé kò wí nǹkan kan, pé ó kàn dúró gbọin, ó ń ṣe bí ọmọlúwàbí. Báyìí ni yóò máa ṣe jálẹ̀ ìwé náà, títí àwòrán méjèèjì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jọra díẹ̀díẹ̀.

Kana, tí kò tíì gbọ́n tó láti máa tijú, béèrè bóyá ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe ní Kánádà, níbi tí òfin ti gbà á láti ọdún 2005, kò ṣeé ṣe ní Jàpáànù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun, kò sì sí àgbà tí ó rí i ṣàlàyé. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò jẹ́ kí ọmọ òun wá sí ilé wọn mọ́. Lẹ́yìn náà Mike padà sí ìlú rẹ̀, ìtàn sì parí. Yaichi kò rí arákùnrin rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bí yóò ṣe rí i. A kò mọ̀ bóyá òun àti Natsuki, ìyá Kana, tí wọ́n ṣì ń ṣe dáadáa sí ara wọn, yóò tún padà fẹ́ra. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK sọ ọ́ di eré ní ọdún 2018, tí Baruto, ará Estonia tí ó ti jẹ́ àgbà oníjàkadì sumo, ṣe Mike, wọn kò fi ìdí mìíràn so ó.

Wọn ì bá ti fi kí ni so ó? Ní 2015, lẹ́yìn ọdún kan tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, àdúgbò Shibuya ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Ní 2021 ilé ẹjọ́ kan ní Sapporo sọ pé bí ìjọba kò ti gba ìgbéyàwó wọn lòdì sí òfin ilẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ sì tún un sọ ní 2024, síbẹ̀ àwọn aṣòfin kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí Mike bá tún kan ilẹ̀kùn náà lónìí, ẹbí ni Kana yóò pè é. Nínú ìwé ìjọba, kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú ilé yẹn.