Búṣì tó ti jẹ: Ariwo abẹ́ ọkọ̀ tó ń dá àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lágara

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ àlòkù tó ń ná ojú ọ̀nà Òrè sí Òkìtìpupa àti Òkìtìpupa sí Igbókòdá mu, àti ti àwọn tó ń wọ Ìkòyà, Ìlú-Títun, Òde-Ayé àti Òde-Ìrèlè lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kó sí kòtò, ẹ ó gbọ́ 'kọ̀, kọ̀, kọ̀' lábẹ́ rẹ̀. Èrò tó jókòó síwájú á wo dírẹ́bà lójú, dírẹ́bà á ní kò sí nǹkan, búṣì ni, á sì yí ohùn rédíò sókè.

Lóòótọ́, búṣì ni lọ́pọ̀ ìgbà. 'Kò sí nǹkan' yẹn ni kò tọ̀nà. Búṣì tó ti jẹ kì í dá ọkọ̀ dúró lójijì bíi ti ẹ́ńjìnnì tó kú, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fojú di í. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ táyà díẹ̀díẹ̀, ó ń mú kí ọkọ̀ máa ya kiri lójú títì, ó sì ń ba àwọn ohun tó sún mọ́ ọn jẹ́, títí di ọjọ́ tí dírẹ́bà yóò tẹ bíréèkì lójijì nígbà tí tírélà ń bọ̀ níwájú, tí ọkọ̀ yóò sì fà sí apá kan. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó.

Kí ni búṣì gan-an? Ẹ wo eegun orúnkún èèyàn. Kèrékèré ló wà láàárín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni búṣì rí lábẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà ni, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Irin róbótó kan tó ní ihò wà láàárín rẹ̀, irin mìíràn sì yí i ká lóde. Ibi tí wọ́n ń fi í sí jù ni ìdí irin apá ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lower arm. Lára ọ̀pọ̀ Toyota Camry àti Corolla tó pọ̀ lójú ọ̀nà wa, méjì ló wà lára áàmù iwájú kọ̀ọ̀kan: kékeré kan níwájú, ńlá kan lẹ́yìn. Èyí ńlá tó wà lẹ́yìn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ya nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí òun ló ń gba ìyà bíréèkì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀. Búṣì kì í yí gbirigbiri bí ìdè ilẹ̀kùn. Rọ́bà inú rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ irin. Bí táyà bá gòkè tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà ló ń lọ́, tó sì tún ń padà sí ipò rẹ̀. Kò nílò gíríìsì rárá. Kódà, epo ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì ni ọ̀tá rẹ̀, wọ́n máa ń mú rọ́bà wú kó sì rọ̀. Ọkọ̀ tí epo ń jò láti ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí áàmù, búṣì rẹ̀ kì í pẹ́ láyé.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ibi tó rọrùn fún rọ́bà kékeré yìí. Òjò ibẹ̀ pọ̀, omi á sì bo kòtò mọ́lẹ̀ débi pé dírẹ́bà kò ní mọ̀ bóyá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ni jíjìn rẹ̀ tàbí ìwọ̀n orúnkún, àfìgbà tí táyà bá já sínú rẹ̀. Ẹrù tún ńkọ́? Ọkọ̀ kan náà tó gbé èrò láàárọ̀ lè kó ẹ̀gẹ́, púpúrú tàbí ẹyìn lọ́sàn-án, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbójú sókè bíi ti ẹni tó ń wo ọ̀run. Àwọn tó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ kò lè gbàgbé bí ọ̀nà Ṣàgámù sí Òrè sí Benin ṣe rí láàárín ọdún 2007 sí 2010, nígbà tí ọkọ̀ máa ń sùn mọ́jú lójú ọ̀nà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn àgbà dírẹ́bà máa ṣàárò Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ọkọ̀ náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ní búṣì, búṣì rẹ̀ náà sì máa ń jẹ.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Rọ́bà máa ń gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn. Ooru, afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń mú kó le, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Camry ọdún 2003, èyí tí àwọn ará ilé wa sọ ní Big Daddy, ti lé ní ogún ọdún báyìí. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó tí èèyàn fi ń ra tòkunbọ̀ ti ga kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè dé. Ohun tó kù ni kí kálukú máa tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Owó kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀ fún olówó ọkọ̀, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ọjọ́ kan ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì jẹ́ ọjọ́ kan láìsí owó. Olówó ọkọ̀, ní tirẹ̀, kì í wọ ọkọ̀ náà, kò gbọ́ ariwo kankan. Dírẹ́bà ń dúró de olówó ọkọ̀, olówó ọkọ̀ ń dúró de dírẹ́bà, èrò mẹ́fà tó fún ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ ni ẹ̀mí wọn wà láàárín àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, olówó ọkọ̀ ló yẹ kó san owó búṣì, kó sì dá dírẹ́bà lóhùn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé búṣì ni? Ariwo nìkan kò tó. Ọkọ̀ tó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí sítíárìn rẹ̀ kò dúró lójú kan bí ẹ bá ń sáré, tí etí inú táyà rẹ̀ sì ń jẹ ju etí òde lọ, ẹ fura sí búṣì áàmù. Ẹ lè ní kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó máa rọra sún síwájú sẹ́yìn kó sì máa tẹ bíréèkì, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú, kí ẹ máa wo táyà. Bí táyà bá ń sún lọ sẹ́yìn tó ń padà wá síwájú nínú ihò rẹ̀, búṣì ti lọ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò tún ti irin gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ áàmù láti fi mì í, yóò sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà náà bóyá ó ti ya kúrò lára irin.

Àmọ́ kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwọn ohun tí owó wọn kéré. Irin kan wà tó gba abẹ́ ọkọ̀ láti ọ̀tún sí òsì, stabilizer ni wọ́n ń pè é. Búṣì tirẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò nílò ẹ̀rọ kankan láti pààrọ̀ rẹ̀. Òun àti linkage rẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ ariwo 'kọ̀, kọ̀' tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ áàmù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ball joint ló ń mì, ẹ má gbé ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ball joint tó bá yọ lórí eré, táyà yóò dojú dé, kò sí dírẹ́bà tó lè kó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìjánu.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Onímọ́tò á ra búṣì tuntun, wọn á fi sí i, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é ni kò dára.

Àwọn kan máa ń dáná sun rọ́bà àtijọ́ kó lè jáde kúrò nínú áàmù. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, iná náà sì lè ba irin áàmù jẹ́. Àwọn mìíràn á fi òòlù gbá búṣì tuntun wọlé títí ihò áàmù yóò fi wọ́, tí irin ẹ̀yìn búṣì yóò sì tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní press, ló yẹ kí wọ́n lò. Bí mẹkáníìkì yín kò bá ní in, ẹ lè gbé áàmù náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ irin. Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi ra ara búṣì kó lè yọ̀ wọlé, kì í ṣe epo. Kí wọ́n sì ṣọ́ra, nítorí ọ̀pọ̀ búṣì ńlá ló ní ihò tàbí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Ẹni tó bá yí i sódì ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó parí rẹ̀.

Àṣìṣe tó wá wọ́pọ̀ jù lọ rèé. Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, táyà ń rọ̀ dirodiro, mẹkáníìkì á fún bọ́ọ̀tì áàmù le pátápátá, á sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ rántí pé rọ́bà yìí kì í yí, lílọ́ ló ń lọ́. Bí wọ́n bá dè é nígbà tí áàmù ń rọ̀, ipò rírọ̀ yẹn ni rọ́bà yóò mú gẹ́gẹ́ bí ipò ìsinmi rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, rọ́bà ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, kó tó pàdé kòtò kan ṣoṣo. Yóò wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru. Ṣé ó wá yani lẹ́nu bó bá ya láìpẹ́? Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀tì náà díẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí wọ́n mì ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un le. Bí àyè kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi jáàkì mìíràn gbé áàmù sókè títí dé ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ń gbé e dé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì ní kí onímọ́tò san kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

Ẹ̀mí ọmọṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ jáàkì nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin ìdúró tó lágbára sí i, kí wọ́n sì fi òkúta dí táyà tó wà nílẹ̀.

Ní ti ọjà rírà, ọ̀pọ̀ nǹkan ara ọkọ̀ tí wọ́n ń tà kárí ìhà ìwọ̀-oòrùn ló ń gba ọjà Ládípọ̀ ní Mushin wá. Àwọn kan fẹ́ràn áàmù àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium, wọ́n ní ojúlówó ni. Òtítọ́ ni pé irin rẹ̀ máa ń dára, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ lè ti lo ogún ọdún nílùú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá rà á, ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti sán. Bí ball joint yín náà bá ti rẹ̀, áàmù tuntun tó pé ní búṣì àti ball joint lè sàn ju kí ẹ máa san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yàgò fún rọ́bà táyà tí wọ́n gé dí ihò, àti fún èyí tí wọ́n fi irin ṣe láti òkè délẹ̀. Ariwo á lọ lóòótọ́, àmọ́ ara ọkọ̀ ni gbogbo ìyà kòtò yóò máa já lé. Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé rọ́bà gidi láti ara igi ni wọ́n ṣì ń lò fún ọ̀pọ̀ búṣì, nítorí ó máa ń fara da lílọ́ léraléra. Láti ìgbà tí Charles Goodyear ti rí i ní ọdún 1839 pé imí ọjọ́ àti ooru ń mú rọ́bà lágbára ni iṣẹ́ yìí ti ṣeé ṣe. Igi rọ́bà sì ń bẹ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó níhìn-ín, ó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Ìyanomọ̀ lẹ́bàá Benin sì ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí rọ́bà wà. Ṣùgbọ́n Michelin pa ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt tì ní ọdún 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Omi igi wa ń lọ sókè òkun, búṣì ń padà bọ̀ wá bá wa nínú páálí.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ búṣì tán, ẹ má wakọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kí ẹ tó ṣe àláímẹ́ǹtì, nítorí ipò táyà ti yí padà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá sí nítòsí yín, ẹ rọra gbé e lọ sí Òrè tàbí Àkúrẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó fi sípánà yẹ bọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkọ̀ sì wà lórí táyà rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é.