Ọ̀RỌ̀ ẸNU ÀGBÀ TÍ A GBÀ SÍLẸ̀

Ẹnyin olùkàwé wa mọ̀ pé púpọ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ẹnu àwọn àgbà wá. Ìwé Àlùfã Samuel Johnson, tí a tẹ̀ ní 1921, jẹ́ ẹ̀rí èyí. Ó yẹ kí a mọ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ti nṣe irú iṣẹ́ bẹ̃, pãpã níbití ọmọ wa kan gbé wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù October 2003, Dave Isay, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò rédíò, ṣí yàrá kékeré kan sí inú ibùdókọ̀ ojú-irin Grand Central ní New York. StoryCorps ni orúkọ iṣẹ́ nã. Ènìà méjì a wọlé, ìyá àti ọmọ, tàbí ọkọ àti aya. Nwọn a bi ara wọn lẽrè nípa ìgbésí aiyé wọn fún ìwọ̀n 40 ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ a sì gba ohùn wọn. Nwọn a mú ẹ̀dà kan lọ sí ilé. Bí nwọ́n bá gbà, òmíràn a lọ sí Library of Congress ní Washington. Òṣìṣẹ́ kan a máa joko tì wọ́n, èyí sì dára ní ojú mi, nítorí ọmọ ilé a máa rò pé òun ti mọ ìtàn bàbá òun. Àlejò ni bàbá nwò tí ó fi nla ọ̀rọ̀ yé ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpẹrẹ tí ó kàn wá jù ti ṣãjú èyí. Ní 1927 àti 1928, Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, lọ bá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní Africatown, lẹ́bã Mobile ní Alabama. Cudjo Lewis ni nwọ́n npè é níbẹ̀. Kossola ni orúkọ tí ó gbé ti ilé wá. Àwọn tí ó wádĩ ọ̀ràn rẹ̀ sọ pé agbègbè Bantè ni ó ti wá, lãrin àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin. Ogun Dahomey kó o, nwọ́n tà á ní Whydah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Alabama ní 1860 pẹ̀lú ènìà bí 110, bẹ̃ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé lẽwọ̀ láti 1808.

Hurston mú èso píṣì, bàrà àti itan ẹlẹ́dẹ̀ lọ fún un. Orúkọ ilé rẹ̀ ni ó fi kí i, arúgbó nã sì sunkún ayọ̀. Ní ọjọ́ míràn, iṣẹ́ oko ni ó kọjú sí, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin nã a lọ, a sì tún padà wá. Aya rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà tí ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹnìkan dárúkọ òun ní ilẹ̀ Afrika, kí a lè rí ẹnití yíò wí pé òun mọ Kossola.

Nígbàtí Hurston mú ìwé nã lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé ní 1931, nwọ́n ní kí ó yí èdè arúgbó nã padà sí Gẹ̃sì ilé-ìwé. Ó kọ̀, ó sì tọ́ bẹ̃, nítorí ẹnití ó bá tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rĩ ṣe ti gba ipò rẹ̀. Kossola kú ní 1935, Hurston ní 1960. Ní 2018 ni a tó tẹ ìwé nã, tí a npè ní Barracoon.