Ìjà Niamey Dé Ọjà Ọ̀tan-Ilé

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo dúró níwájú àtẹ ìyá kan tí ó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ọ̀tan-Ilé, mo ní kí wọ́n bá mi dín owó rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ lọ bẹ àwọn ṣójà Niamey kí wọ́n bá yín dín in. Hausa tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní wọ́n ti ti bodè." Àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, nítorí ohun tí mo ti ń kọ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láti ọjọ́ yìí ni ìyá náà sọ ní gbólóhùn kan.

Lóòótọ́, bodè nìkan kọ́ ni ó mú kí àlùbọ́sà wọ́n. Owó mọ́tò ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n Galmi tí àlùbọ́sà rẹ̀ lókìkí, inú ilẹ̀ Niger ni ó wà, kò jìnnà sí bodè Ṣókótó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí máàpù. Ilẹ̀ Niger fẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n kò ní etí òkun rárá. Ìrẹsì tàbí mọ́tò tí ó bá ti òkè òkun wá, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà dé ibẹ̀. Láti èbúté Kùtọnu dé Niamey tó 1,000 kìlómítà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń gbà jáde síta.

Nígbà tí àwọn ṣójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù keje, 2023, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ECOWAS, tí Ààrẹ Bola Tinubu ń ṣe alága rẹ̀ nígbà náà, dí mọ́ wọn. Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tí ó ń tà fún wọn, iná wá di ohun tí a ń pín láti àdúgbò dé àdúgbò ní Niamey.

Ibi iná yìí ni kí ẹ ti fiyè sí mi. Odò Ọya ti òkè Guinea ṣàn wá, ó gba Mali àti Niger kọjá kí ó tó dé Kainji wa, níbi tí ó ti ń yí ẹ̀rọ iná láti ọdún 1969. Ẹrù wọn ń gba ẹnu ọ̀nà wa, omi wa ń gba ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò náà lọ́dọ̀ tiwọn ní Kandadji. Ta ni yóò wá tilẹ̀kùn mọ́ ta ni?

Èmi kò gbèjà ẹni tí ó fi ìbọn gba ìjọba o. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò ni ó sùn ti ẹrù wọn ní Jibia àti Illela, kì í ṣe ṣójà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni Nàìjíríà ṣí bodè. Niger kò ṣí ti Benin síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo rọ̀bì tirẹ̀ ń gba páìpù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà lọ sí etí òkun Sẹ̀mẹ̀, ní Benin kan náà! Ní oṣù karùn-ún, Benin ní bí wọn kò bá ṣí bodè fún ẹrù òun, ọkọ̀ ojú omi kò ní gbé epo wọn. Àwọn ará Ṣáínà tí ó kọ́ páìpù náà ni ó ń sáré láàrin wọn kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Ìyá alálùbọ́sà gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n bi mí pé, "Tíṣà, ṣé àlùbọ́sà náà yóò bá wọn jáde ni?" Mo ní rárá, Galmi ṣì wà níbi tí ó wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da òkìtì kan sínú àpò mi, wọn kò sì dín kọ́bọ̀.