Bí A Ṣe Ń Wá Ìbú Ilẹ̀ Tí A Kò Mọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a ti kọ́ bí a ṣe ń mọ títóbi ilẹ̀ onígun mẹ́rin. A ó wọn gígùn rẹ̀, a ó wọn ìbú rẹ̀, a ó sì sọ wọ́n di púpọ̀. Bí gígùn bá jẹ́ mítà 5, tí ìbú jẹ́ mítà 4, 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20. Ilẹ̀ náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 20.

Lónìí, a ó gba ọ̀nà náà padà sẹ́yìn. Ẹnì kan fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín. Ìwé ilẹ̀ náà sọ pé ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 600, àti pé gígùn rẹ̀ fi mítà 10 ju ìbú rẹ̀ lọ. Ìwé kò sọ iye ìbú. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bí ẹnì kan bá ti sún èèkàn ààlà?

Ẹ ya ilẹ̀ náà sórí tákàdá, kí ẹ gé e sí ọ̀nà méjì. Gígùn àti ìbú apá kìíní dọ́gba: ìbú tí a ń wá ni. Apá kejì ni mítà 10 tí ó lé. Ẹ pín apá kejì sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 5. Ẹ fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ apá kìíní. Ẹ yí èkejì, kí ẹ fi í sí ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó: igun kékeré kan ṣoṣo ni ó ṣófo. Bí a bá dí igun yìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ yóò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀:

1. Ẹ pín 10 sí méjì: ó jẹ́ 5.
2. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Èyí ni igun tí ó ṣófo.
3. Ẹ fi 25 kún 600: ó di 625.
4. Nọ́ńbà wo ni a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó tó jẹ́ 625? 25 ni.
5. Ẹ yọ 5 tí a fi kún ẹ̀gbẹ́ kúrò: ó ku 20.

Ìbú jẹ́ mítà 20, gígùn jẹ́ mítà 30. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 20 lọ́nà 30 jẹ́ 600.

Nísinsin yìí, ẹ mú okùn lọ sí orí ilẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ 18, tí gígùn jẹ́ 28, gígùn ṣì fi 10 ju ìbú lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n 18 lọ́nà 28 jẹ́ 504. Mítà onígun mẹ́rin 96 ti dín. Ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ìwé náà.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀mọ̀wé kan ní Baghdad, Al-Khwarizmi, kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Lárúbáwá, ó sì ya irú àwòrán yìí. Ó pe nọ́ńbà tí a ń wá ní gbòǹgbò. Àwọn ọmọ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é ní x. Wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: x² + 10x = 600. Òfin gígùn tí wọ́n ń há sórí, inú dídí igun yìí ni ó ti wá. Òfin wọn tún ń mú ìdáhùn kejì wá, èyí tí ó kéré ju òdo lọ: −30. Kò sí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ kéré ju òdo. Nítorí náà, a ó fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ilẹ̀ kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 91. Gígùn rẹ̀ fi mítà 6 ju ìbú rẹ̀ lọ. Kí ni ìbú rẹ̀?
2. Ìbéèrè Al-Khwarizmi fúnra rẹ̀ nìyí: bí títóbi bá jẹ́ 39, tí gígùn fi 10 ju ìbú lọ, kí ni ìbú?

Ẹ yẹ ìdáhùn yín wò kí ẹ tó fi hàn wá.